Bí fọkanáísà bá ba ríìmù tuntun jẹ́, “ẹ máa bínú” nìkan kò tó

“Ẹ máa bínú, bàbá. Ọmọ iṣẹ́ ló ṣe é, kò mọ̀ọ́mọ̀.”

Gbólóhùn yìí kò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni tó bá ní mọ́tò nílẹ̀ yìí. Bí fọkanáísà bá ti sọ ọ́ tán, á tẹrí ba, á ní kí oníbàárà má wulẹ̀ san owó iṣẹ́ mọ́, lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìgbà tí oníbàárà bá délé, tó fi omi ṣan eruku kúrò lára ẹsẹ̀ mọ́tò ni yóò tó rí i pé ríìmù tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó gidi rà ti họ láti ìhín dé ọ̀hún, tàbí pé etí rẹ̀ ti ká.

Ká sọ pé bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ó pẹ́ tó ti ń tọ́jú owó. Nígbà tí owó pé, ó wọkọ̀ lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, l’Ékòó, ó ra ríìmù alọ́ì mẹ́rin tó bára wọn mu, ó fi àpò dì wọ́n, ó sì ń gbé wọn bọ̀ wálé bí ẹni gbé ẹyin. Nílùú rẹ̀, fọkanáísà kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pààrọ̀ táyà. Irin gígùn méjì àti òòlù ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ ló gba iṣẹ́ náà. Kó tó di ọ̀sán, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlé sára ríìmù, bàbá sanwó, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, táyà kan ti wolẹ̀ pátápátá. Etí ríìmù ló ká, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà sá lọ. Ríìmù mìíràn kò ká ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n irin ti fà á lára ya bí ìgbà tí ológbò họ èèyàn.

Bàbá padà síbẹ̀. Ọ̀gá ní kò sóhun tó ṣe ríìmù nígbà tó kúrò lọ́wọ́ àwọn, kòtò ojú títì ló ká a. Bàbá ní òun kò kó sí kòtò kankan, ilé òun kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ síbẹ̀. Àwọn tó jókòó lábẹ́ igi ń bẹ bàbá pé kó fi í ṣe ọwọ́ Ọlọ́run.

Òfin kò fi í ṣe ọwọ́ Ọlọ́run. Ìjọba àpapọ̀ ní òfin kan tó dá lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà. Òfin ọdún 2018 ni wọ́n ń pè é, oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ú. Abala 130 nínú òfin náà sọ ọ́ láì fi igbá kan bọ̀kan nínú: ẹni tó bá gba iṣẹ́ ṣe fún oníbàárà gbọ́dọ̀ dá ohun ìní oníbàárà padà, kó sì dára, ó kéré tán, tó bó ṣe wà nígbà tí wọ́n gbé e fún un. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹni tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti retí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè ní kí wọ́n tún àléébù ibẹ̀ ṣe, tàbí kí wọ́n dá èyí tó bójú mu padà fún òun nínú owó tó san.

Àwọn kan lè rò pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní ìgboro nìkan ni irú òfin báyìí ń bá wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù oníyàrá mẹ́wàá ní Ìkẹjà àti ẹni tó gbé táyà àlòkù kọ́ ara igi létí títì Ìṣẹ́yìn, tó bá ti ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, òfin kan náà ló de àwọn méjèèjì.

Kódà, kí òfin yìí tó dé rárá ni àwọn ilé ẹjọ́ wa ti ń tẹ̀ lé ìlànà kan tí a bá nínú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà náà ni pé bí nǹkan oníǹkan bá bàjẹ́ nígbà tó wà ní ìkáwọ́ ẹnì kan tó gbà á láti ṣiṣẹ́ lé lórí, ẹni tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ló máa ṣàlàyé bó ṣe bàjẹ́, òun náà ló sì máa fi hàn pé kì í ṣe àìbìkítà òun ló fà á. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni nǹkan kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kan irin mọ́ ọn, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀?

Ṣùgbọ́n ibi tí bàbá tíṣà ti kọsẹ̀ nìyí. Kí ẹrù àlàyé tó lè bọ́ sí ọrùn ọ̀gá, bàbá gbọ́dọ̀ fi hàn pé ríìmù náà pé pérépéré nígbà tó gbé e lọ, àti pé ó ti bàjẹ́ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó sanwó, ó wa mọ́tò lọ, kò bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ mọ́tò kankan. Òru ọjọ́ kan ló wà láàárín, inú òru yẹn ni ọ̀gá sì sá sí.

Kò túmọ̀ sí pé bàbá ti pàdánù ẹjọ́ rẹ̀. Àpá irin kì í jọ àpá kòtò. Bí mọ́tò bá já sí kòtò, ibi tó máa ń ká lára ríìmù máa ń fẹ̀, kòtò náà sì sábà máa ń fún táyà mọ́ ríìmù débi pé ẹ̀gbẹ́ táyà lè wú tàbí kó gé. Irin fọkanáísà ní tirẹ̀ kì í fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú kan tóóró ló máa ń ká, lẹ́bàá ibi tí etí táyà ti wọ inú ríìmù, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí irin fà sì máa ń wà nítòsí ibẹ̀, nígbà mìíràn ní méjì méjì. Fọkanáísà mìíràn tó mọ iṣẹ́, tí kò sì ní ìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, lè wò ó kó sọ èyí tó jẹ́. Ríìmù kejì tó họ tún ń jẹ́rìí fún bàbá, nítorí kòtò kì í fi èékánná họ èèyàn.

Ó yẹ ká sọ díẹ̀ nípa ríìmù fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń wá. Ríìmù irin làwọn mọ́tò ayé àtijọ́ ń lò. Tó bá ká, wọn á fi òòlù lù ú padà, á tún máa yí lọ. Alọ́ì yàtọ̀. Àlùmíníọ̀mù ni, tí wọ́n pò mọ́ àwọn èròjà mìíràn, tí wọ́n yọ́, tí wọ́n dà sínú àwòṣe, tí wọ́n sì tún fi ooru tọ́jú kó lè le dáadáa. Ó fúyẹ́ ju irin lọ, ó sì dùn-ún wò, àmọ́ tí wọ́n bá lù ú bí wọ́n ṣe ń lu irin, ó lè là. Tí wọ́n bá sì fi iná gáàsì jó o kó lè rọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ padà, bí àwọn panẹbítà kan ṣe máa ń ṣe, líle tí ooru ilé iṣẹ́ fún un yóò bá iná yẹn lọ. Ojú lè má rí i. Ìgbà tí mọ́tò bá ń sáré lójú títì márosẹ̀ ni yóò hàn.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìbàjẹ́ ni gbèsè rẹ̀ dọ́gba. Ríìmù tó họ lásán, tí kò ká, tí kò là, iṣẹ́ rẹ̀ kò dín kù, ẹwà rẹ̀ ló bàjẹ́. Ohun tí ṣọ́ọ̀bù jẹ lórí irú èyí ni owó tí yóò tó láti há a, kí wọ́n sì tún un kùn kó bá àwọn yòókù mu. Oníbàárà tó bá ní dandan, àfi kí wọ́n ra ríìmù tuntun fún òun nítorí ìlà kan, àṣejù nìyẹn, adájọ́ kò ní gbà fún un.

Èyí tó bá ká, owó títẹ̀ ẹ́ padà lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún un ni ṣọ́ọ̀bù jẹ, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé e lọ gbé e bọ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán tó ṣì ń jo, tàbí tí mọ́tò ṣì ń gbọ̀n, a jẹ́ pé kò ṣe é tún ṣe nìyẹn. Èyí tó bá là ní tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí wọ́n fi jíjó tan òun. Ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ wá irú rẹ̀, tàbí kó san iye tó ń lọ lọ́jà.

Iye wo? Awuyewuye ńlá ni èyí máa ń dá sílẹ̀. Ríìmù tókunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà. Tuntun ni lójú ẹni tó rà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe tuntun láti ilé iṣẹ́. Ọ̀gá kò jẹ bàbá ní owó ríìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú páálí jáde. Bákan náà, kò lè sọ pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ tókunbọ̀, kò níye lórí. Owó tí wọ́n ń ta tókunbọ̀ irú rẹ̀ lásìkò tó bàjẹ́ lówó rẹ̀. Ìdí nìyí tí rìsíìtì Ládípọ̀, bó ti wulẹ̀ kí ó rí, fi yẹ ní fífi pamọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó bára wọn mu tún wà níbẹ̀. Bí wọn kò bá rí ẹyọ kan tó jọ mẹ́ta tó kù ńkọ́? Kò sí ìwé òfin tó sọ pé kí ṣọ́ọ̀bù lọ ra mẹ́rin nítorí ẹyọ kan, kò sì dára kí bàbá máa fi ẹsẹ̀ mọ́tò aláràbarà rìn káàkiri ìlú. Èyí tó dà bí ẹni pé ó tọ́ jù ni kí wọ́n wá èyí tó bá a mu dé ibi tí agbára mọ, bí wọn kò bá sì rí i, kí ọ̀gá fi nǹkan lé owó ẹyọ kan náà nítorí ẹwà tó bàjẹ́.

Tí mọ́tò bá jẹ́ táksí tàbí kabúkabú, tí ọ̀gá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó gba iṣẹ́, owó ọjọ́ tí awakọ̀ kò fi lè ṣiṣẹ́ náà wà lára ohun tó lè béèrè. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé iye báyìí lòun ń pa lóòjọ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó wù ú lẹ́nu.

Ẹ ó rí i pé owó iṣẹ́ tí fọkanáísà ní òun kò gbà mọ́ kò tíì kan ọ̀rọ̀ yìí rárá. Owó iṣẹ́ táyà mẹ́rin, owó ìpápánu ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ríìmù alọ́ì kan.

Ti ọmọ iṣẹ́ wá kù. “Ọmọ iṣẹ́ ló ṣe é” kì í ṣe àwíjàre lójú òfin, ẹ̀rí ni lòdì sí ọ̀gá. Ẹni tó gbà kí ọmọ ṣiṣẹ́ lórúkọ òun ló ni èrè iṣẹ́ náà, òun náà ló ni gbèsè rẹ̀. Àwọn àgbà náà sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Oníbàárà kò bá ọmọ iṣẹ́ ṣe àdéhùn, kò mọ òbí rẹ̀, kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í síṣẹ́. Àwọn ọ̀gá kan wà tó jẹ́ pé bí nǹkan bá bàjẹ́, wọn á fa ọmọ náà síta, wọn á máa nà án lójú oníbàárà títí oníbàárà fúnra rẹ̀ á fi ní ó tó, òun ti dárí jì í. Ẹkún ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi ń san gbèsè. Ẹni tó bá rí irú èyí, kó gba ọmọ náà sílẹ̀, kó sì tún béèrè owó ríìmù rẹ̀.

Ìbàjẹ́ kan tún wà tí ojú kì í tètè rí, òun ló sì léwu jù. Nọ́ọ̀tì tó ń di ríìmù mọ́ mọ́tò ní ìwọ̀n tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi fún un mọ, ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò máa ń kọ ọ́ sínú ìwé mọ́tò. Tí wọ́n bá fún un jù, bóòtì lè nà tàbí kó já. Tí kò bá fún tó, ríìmù á máa jó lára bóòtì, ihò rẹ̀ á máa fẹ̀ sí i, ríìmù tuntun á di àpatì láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ mọ́tò sì lè yọ lójú ìrìn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ríìmù yẹ kó jẹ́ kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì wò lẹ́yìn ìrìn kìlómítà 50 sí 100. Nọ́ọ̀tì ríìmù irin àtijọ́ sì lè má jókòó dáadáa lára alọ́ì. Fọkanáísà tó bá rí i pé nọ́ọ̀tì kò bá ríìmù mu, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ. Bó bá dákẹ́, tó dè é bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan máa ń kọ ọ́ sára pátákó pé ohunkóhun tó bá ṣe mọ́tò, olówó rẹ̀ ló ni ín. Pátákó kò ju òfin lọ. Òfin 2018 yẹn kò gbà kí oníṣẹ́ fi àdéhùn yọ ara rẹ̀ nínú òfò tí àìbìkítà tó burú jáì bá fà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ìgbà ni ṣọ́ọ̀bù máa ń jẹ̀bi. Àwọn ríìmù kan ti là láti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n kùn ún mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Àwọn mìíràn ti ká, ẹni tó rà á kò yí i wò. Irú èyí ni fọkanáísà tó gbọ́n máa ń torí rẹ̀ gbé ríìmù sílẹ̀ níwájú oníbàárà, á yí i, á fọwọ́ ra etí rẹ̀, á sì sọ ohun tó bá rí kó tó fi irin kàn án. Bí wọ́n bá ṣe é tán, á da omi ọṣẹ sí etí táyà kí oníbàárà fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá ó ń hó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀.

Oníbàárà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Kó sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé ríìmù òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ, kó sì ní ọ̀gá lòun fẹ́ kó ṣe é. Bí ọmọ bá wà nítòsí tó ní fóònù tó ń ya fọ́tò, kó ya ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Tó bá rí ìbàjẹ́, kó má gbé e lọ síbòmíràn láti tún un ṣe kó tó padà wá bá ẹni tó ṣe é, nítorí ẹ̀rí ni wọn yóò bá a tún ṣe dànù.

Tí ọ̀gá bá yarí, àwọn fọkanáísà àti mẹkáníìkì ní ẹgbẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú, alága wọn kì í sì í fẹ́ kí orúkọ ẹgbẹ́ bàjẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ báyìí ti ń parí. Bí ibẹ̀ kò bá yanjú rẹ̀, Àjọ tó ń rí sí Ìdíje Ọjà àti Ààbò Oníbàárà, FCCPC, tó rọ́pò àjọ ààbò oníbàárà tí òfin 1992 dá sílẹ̀, ń gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ aráàlú. L’Ékòó, ibùdó ìlàjà fún aráàlú tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ lọ́dún 1999 kì í gba kọ́bọ̀ kí wọ́n tó bá èèyàn parí ìjà.

Èyí tí kò dára ni kí wọ́n lọ mú ọlọ́pàá wá ti ọmọ iṣẹ́ mọ́lé. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn tàbí pé ó ṣẹ ẹlòmíràn lọ́nà tí kì í ṣe ọ̀ràn dídá. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Ilé ẹjọ́ ló gbẹ̀yìn. Ní Èkó, wọ́n dá ilé ẹjọ́ kékeré kan sílẹ̀ lọ́dún 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, wọ́n sì fẹ́ kí ìdájọ́ jáde láàárín 60 ọjọ́. Àmọ́ gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹni tó kàn ní “wọ́n ba ríìmù mi jẹ́” kò tíì ní iye tó dájú lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí bébà pélébé kan fi ṣe pàtàkì ju ariwo ọjọ́ kan lọ. Bí ọ̀gá bá gbà pé òun yóò san án, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: iye tí yóò san, ọjọ́ tí yóò san án, orúkọ rẹ̀, ìbuwọ́lù rẹ̀ tàbí ìtẹ̀ka rẹ̀, àti ti ẹlẹ́rìí kan. Láti ọjọ́ náà, gbèsè ni.

Owó ríìmù alọ́ì kan lè ju ohun tí fọkanáísà ẹ̀bá títì ń pa lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kò ní ìwé adójútòfò, kò ní owó ní báǹkì. Bàbá tíṣà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti kọ́ ọmọ irú wọn rí. Bí ọ̀gá bá bẹ̀ ẹ́ pé kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀, kó gbà, kí bébà sì sọ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá wá a ní ìwọ̀n, ohun tí ọ̀gá jẹ bàbá ni owó ríìmù kan tó ká, bí títẹ̀ ẹ́ bá kọ̀, owó kíkùn ríìmù tó họ, àti owó iṣẹ́ tó gbà lórí àwọn méjèèjì. Ríìmù méjì àti gbogbo táyà tó kù, kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀ lórí wọn.

Bí ọ̀gá bá sì san owó ríìmù tó ká náà tán, ríìmù yẹn ti di tirẹ̀, kí bàbá má ṣe gbé e sẹ́yìn mọ́tò lọ sílé. Etí rẹ̀ ló ká, àlùmíníọ̀mù ṣì ni. Àwọn tó ń da ìkòkò yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀.